Fọ́ọ̀mù Tí Renelle Cyr Ò Tètè Fi Ránṣẹ́

Kò sí ẹni tó kú lọ́dún tí Renelle Cyr gba D nínú físíìsì. Ilé ò jó, àìsàn ò dá ẹnikẹ́ni dùbúlẹ̀, ara bàbá rẹ̀ le koko. Ọmọ ogún ọdún ni Renelle nígbà náà, ó ń fẹ́ ọmọkùnrin kan tó ń gbá họ́kì fún yunifásítì wọn, gbogbo ibi tí ẹgbẹ́ ọmọ náà bá sì ti lọ gbá a ni òun náà ń bá wọn dé. Bí kíláàsì aago mẹ́jọ àárọ̀ bá wá tó, oorun ló ń sùn. Kẹ́mísírì tiẹ̀ sàn díẹ̀, C ló gbà níbẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọkùnrin yẹn ti gbé ẹlòmíì níyàwó báyìí, ó ti bímọ mẹ́ta, ikùn rẹ̀ ti yọ síwájú. Àmọ́ D yẹn ò lọ síbì kankan.

Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí pé àyè kan wà nínú fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín tí wọ́n ti ń béèrè pé, bí máàkì rẹ bá burú, kí ló fà á. Àwọn ẹlòmíì ní ìtàn tó ṣeé kọ síbẹ̀. Renelle á jókòó síwájú àyè náà, á kọ gbólóhùn kan, á tún pa á rẹ́. Kò mọ irọ́ pa, òótọ́ ibẹ̀ sì ń tì í lójú.

Nígbà tó gboyè tán, ó padà sílé, sí etí odò Saint John lókè pátápátá ní Maine, níbi tó jẹ́ pé Kánádà lèèyàn ń wò lódìkejì omi. Ó rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ Dókítà Gérald Bossé. Òun ló ń gbé irinṣẹ́ fún un, òun ló ń di ọ̀pá tó ń fa itọ́ mú, òun náà ló ń bá àwọn arúgbó tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ sọ Faransé títí ọkàn wọn á fi balẹ̀. Bossé nìkan ni dókítà eyín tó wà ní gbogbo agbègbè náà. Ẹni tí kò bá rí àyè lọ́dọ̀ rẹ̀, àfi kó wa ọkọ̀ wákàtí mẹ́ta lọ sí Bangor, bí yìnyín bá sì ti dí ọ̀nà, kó jókòó sílé kó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Renelle ti rí ọkùnrin tó fi ẹ̀mú yọ eyín ara rẹ̀ nínú ilé ọkọ̀. Òun ló bá a fọ ojú egbò náà.

Ọdún kẹrin tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni Bossé bọ́ ibọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wò ó títí, ó ní, "Renelle, ìwọ náà mọ̀ pé ìwọ ló yẹ kó jókòó síbi tí mo jókòó sí yìí."

"Dókítà, ẹ ò tíì rí máàkì mi ni."

"Mo ti rí ọwọ́ rẹ. Máàkì ló ń yọ eyín ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ọn nínú, òun náà sì gbé e sọ́kàn. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́jọ ló kọ̀wé sí nígbà àkọ́kọ́. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló kọ̀ ọ́, kò sí ọ̀kan tó tiẹ̀ pè é pé kó wá kí àwọn fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ó fóònù sí èyí tó sún mọ́lé jù nínú wọn, ó béèrè ibi tí òun ti kù díẹ̀ káàtó, obìnrin tó gbé fóònù sì ṣàánú rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára, lẹ́tà tí Dókítà Bossé kọ dára, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lórí ìwé tó fi hàn pé ó lè gbé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tó le.

"Ẹ lọ ka ìwé oyè kejì nínú sáyẹ́ǹsì ìṣègùn," ni obìnrin náà wí. "Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ọdún àkọ́kọ́ wa gan-an. Tí ẹ bá ń gba A níbẹ̀, àwa náà á mọ̀ pé ẹni ọjọ́sí kọ́ lẹ jẹ́ mọ́."

Kí Renelle tó lọ, Bossé pè é jókòó. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni, ìyàwó rẹ̀, Pauline, sì ti ń pariwo Florida sí i létí láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ní bí wọ́n bá gba Renelle wọlé ní ìparí ìwé tó fẹ́ lọ kà yìí, òun á forí tì í, òun á máa ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ títí yóò fi parí ọdún mẹ́rin ilé ẹ̀kọ́, kó wá gba kọ́kọ́rọ́. Bí wọn ò bá gbà á, òun á ti ilẹ̀kùn. "Mi ò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ," ni Bossé wí. Kò sọ ọ́ láti fi dẹ́rù bà á. Ohun tó wà ńlẹ̀ gan-an ló sọ fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni Renelle ṣe lọ gba yàrá kan ní ìlú ńlá tó wà ní gúúsù, ìrìn wákàtí mẹ́fà sílé, ó ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n láàárín àwọn ọmọ ọdún méjìlélógún. Ẹni tí kò lè jí fún kíláàsì aago mẹ́jọ tẹ́lẹ̀, aago márùn-ún ló ń jí. Ó ń ya àwòrán iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ sára ògiri yàrá títí onílé fi bá a jà. Ní sáà kìíní, ó gba A méjì àti B kan. Ní sáà kejì, A nìkan ló gbà. B kan yẹn dun ún bí ẹni pé wọ́n lù ú. Ó ku sáà kan, ìyẹn sì ni èyí tó le jù, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara, tí wọ́n ń gé òkú wò. Inú oṣù kejìlá ni yóò parí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Whitcomb ló ń bójú tó wọn, obìnrin tínínrín kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣàwàdà. Ní oṣù karùn-ún, ó pe gbogbo àwọn tó fẹ́ ṣe dókítà jọ. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ tí fọ́ọ̀mù bá ṣí ní oṣù kẹfà ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Bó ṣe ń wọlé ni wọ́n ṣe ń kà á, bí wọ́n ṣe ń kà á ni wọ́n ṣe ń pe èèyàn, tí àga bá sì tán, ó tán nìyẹn. Máàkì tó bá kù, ẹ ó fi kún un nígbà tó bá jáde."

Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, Renelle dúró lẹ́yìn. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn A tí mò ń gbà yìí, ṣé wọ́n máa gbé àròpọ̀ máàkì mi àtijọ́ sókè?"

"Rárá o. Ìlà tiwọn lọ́tọ̀. Ti àtijọ́ á wà lókè bó ṣe wà, ti oyè kejì á wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń kà á ló máa fi méjèèjì wé ara wọn."

"Wọ́n á kọ́kọ́ rí ti òkè."

"Wọ́n á rí méjèèjì, Renelle. Fi ránṣẹ́."

Ó gbọ́. Etí rẹ̀ méjèèjì ló fi gbọ́ ọ, mi ò ní bá a wá àwáwí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ohun tó ń rò ò ju ìlà ìsàlẹ̀ yẹn lọ. A márùn-ún, B kan, àyè òfìfo. Ó ń rí ẹnì kan lójú ara rẹ̀ tó jókòó sí ọ́fíìsì, tó rí D lókè, tó sọ ojú kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, tó rí i pé iṣẹ́ náà ò tíì parí, tó sì gbé fọ́ọ̀mù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fẹ́ kí ìlà náà kún kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó.

Nígbà tó délé ní oṣù kẹfà, orí tábìlì oúnjẹ ló ti sọ ọ́. Bàbá rẹ̀, Normand, ló ń dín ploye, àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń jẹ lágbègbè wọn, lórí àdògán, ọkùnrin ẹni ọgọ́ta ọdún tó ń gbin pòtétò, tí ìyàwó rẹ̀ ti fi sílẹ̀ tipẹ́, tó sì dá tọ́ ọmọbìnrin méjì. Àbúrò Renelle, Mylène, tó ku ọdún kan kó parí yunifásítì, ló ń fi bọ́tà pa èyí tó ti jinná, ó sì ń yí i róbótó.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí," ni Renelle wí. "Ṣùgbọ́n màá ti parí gbogbo ẹ̀ ní oṣù kejìlá."

"Ìgbà wo ni wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù náà pa?" ni Normand béèrè.

"Ọjọ́ kìíní oṣù kejì."

"Kí ló wá ń lé ọ?"

"Wọ́n ní ẹni tó bá tètè dé ni wọ́n ń kọ́kọ́ kà."

Normand fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ gbá ploye kan sínú àwo. "Mylène, ta ló ń ta pòtétò ní oṣù kẹsàn-án?"

"Ẹni tí ìdí ń jó," ni Mylène dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín, nítorí àtìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé ni wọ́n ti ń gbọ́ ìbéèrè yẹn.

"Ẹ ṣeun. Tí gbogbo ayé bá ń kó tiwọn lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tìrẹ náà á bá a rọ́ sínú òkìtì. Èmi máa ń kó tèmi sínú àká ni, màá jẹ́ kí tiwọn tán. Tó bá di oṣù kẹta, àwọn tó ń rà á á fi ẹsẹ̀ ara wọn wá bá mi, wọ́n á ní, 'Normand, jọ̀ọ́, ṣé ó ṣì kù?'"

"Pápà, ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣe pòtétò."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe pòtétò, mi ò ya dìndìnrìn. Ṣùgbọ́n èèyàn tó ń yan nǹkan ni wọ́n. Jẹ́ kí wọ́n ti yan gbogbo àwọn játijàti tán, kó rẹ̀ wọ́n, kó o wá gbé tìrẹ tí A yí ká dé."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Normand fi ń dúró di oṣù kẹta, ìdúró yẹn ló fi rán àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì níwèé, nítorí náà ẹ má bínú sí i. Ọ̀rọ̀ tí Renelle fẹ́ gbọ́ ló sọ fún un. Ká ní ó sọ pé kó yára ni, bóyá Renelle ì bá wá ẹlòmíì lọ tí yóò ní kó dúró. Ìtìjú àtijọ́ ló ń bá a wá agbẹjọ́rò tí yóò gbè é.

Ó dúró. Ní oṣù kẹsàn-án, ọmọ New Jersey kan nínú kíláàsì wọn, tí máàkì rẹ̀ ò tó ti Renelle, wọ kóòtù wá síbi tí wọ́n ti ń gé òkú, ó ní òun ń lọ sí ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ní oṣù kẹwàá, àwọn mẹ́rin míì lọ. Renelle ṣí fọ́ọ̀mù náà lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ ló ti kún tán, bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́ ló kù. Ó wò ó títí, ó sì tún pa á dé. Ó ti dúró tó oṣù mẹ́rin. Bó bá wá fi ránṣẹ́ láìsí máàkì ẹ̀yà ara, kí ló wá dúró fún? Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn, ó sì ń sọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù sì ń bà á sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní ni máàkì jáde. A mẹ́rin. Nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara, òun ló ṣe ipò kìíní. Ó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì padà sílé lọ dúró ti Bossé níbi iṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Kí oṣù kejì tó parí, ilé ẹ̀kọ́ méje ti fèsì. Ọ̀rọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, àyè ti kún. Èyí tó sún mọ́lé jù ló kù, nígbà tí oṣù kẹta sì wọlé tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó wọ yàrá kékeré tí wọ́n ń kó páálí ibọ̀wọ́ sí nílé ìwòsàn, ó ti ilẹ̀kùn, ó fóònù. Obìnrin ọjọ́sí ló gbé e. Renelle dá ohùn rẹ̀ mọ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ kàwé oyè kejì," ni Renelle wí.

"Mo rántí yín. Ẹ jẹ́ n ṣí i." Obìnrin náà ṣí i. "Ẹ̀yin lẹ ni ìlà ìsàlẹ̀ yìí? Ẹ ṣe gudugudu méje níbẹ̀ o. Mi ò rí irú rẹ̀ púpọ̀ lọ́dún yìí."

"Ṣé àyè ṣì wà?"

"Àyè wo? Àwọn tá a máa pè ti tán láti oṣù kọkànlá. Ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní lẹ fi ránṣẹ́. Kí ló dé?"

"Mò ń dúró de máàkì tó kù ni."

"A máa ń dúró de máàkì. À bá ti pè yín, à bá ti bá yín sọ̀rọ̀, à bá sì dúró dè é fún yín. Èmi ni mò ń to orúkọ, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ká ní oṣù kẹfà ni, ẹ̀ bá ti wà lára àwọn tó ń bọ̀."

"D tí mo gbà yẹn ńkọ́?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́wàá, arábìnrin mi. Ta ló ń wò ó?" Obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀ràn ọdún mẹ́wàá yẹn náà tún wà níbẹ̀ o. Sáyẹ́ǹsì yunifásítì tó bá ti kọjá ọdún mẹ́wàá, a kì í gbà á mọ́. Físíìsì, kẹ́mísírì, gbogbo tiyín ló máa kọjá bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ máa ní láti tún wọn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀."

Renelle dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó lórí páálí ibọ̀wọ́, kò sunkún. Àwọn máàkì tó ti ń fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀ láti ìgbà ọmọdébìnrin, tó tìtorí wọn fi fọ́ọ̀mù pamọ́ fún oṣù méje, kò sí ẹni tí wọ́n jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n sì ṣe ń lọ yìí, wọ́n ń kó gbogbo ohun tó ṣe lẹ́yìn wọn lọ.

Ó sọ fún Bossé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bossé gbọ́ ọ dópin, ó wá na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ tó wà lókè àga. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. "O ti rí i tẹ́lẹ̀," ni ó wí.

"Láti ọdún tó kọjá, Dókítà."

"Tó o bá tún gbogbo kíláàsì yẹn ṣe, kó o wá kà fún ọdún mẹ́rin, ọdún mẹ́fà, ọdún méje nìyẹn. Ọwọ́ yìí ò ní dúró dè ọ́."

"Mo mọ̀."

Wọ́n mú ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà pé ọjọ́ náà ni àwọn yóò ti ilé ìwòsàn náà pa. Renelle ló ń pe àwọn aláìsàn lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ fún wọn pé kí wọ́n wá ibòmíràn. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Àwọn kan bínú, àwọn kan bi í léèrè bí ọ̀nà Bangor ṣe máa ń rí nígbà yìnyín, bí ẹni pé wọn ò mọ̀ ọ́n. Madame Alphena Daigle, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ní, "Wọ́n ní ìwọ lo máa gba ipò rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Rárá, Madame."

"Ta wá ni?"

"Kò sí ẹnì kankan, Madame."

Fún bàbá rẹ̀, ohun tó sọ ò ju pé àyè ti kún. Normand gbà pé D yẹn ló fà á. Níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń mu kọfí láàárọ̀ ní ilé epo, ó ń sọ fún gbogbo wọn pé, "Ọ̀rọ̀ ọjọ́sí ni wọ́n gbé kọ́ ọ lọ́rùn. Ó kéré tán, a ò kánjú. A gbé gbogbo ohun tá a ní síwájú wọn." Renelle ń gbọ́ ọ, ó sì jẹ́ kó máa sọ ọ́. Ó rò pé òun nìkan ni irọ́ náà ń pa lára.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹfà, Mylène gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn apòògùn lòun fẹ́ lọ, fọ́ọ̀mù tiwọn náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Gbogbo rẹ̀ ti kún tán, kìkì máàkì ìdánwò kan ló kù, ìyẹn kò sì ní jáde títí di ìparí oṣù kẹjọ. Normand dúró ti àdògán bíi ti ìgbà gbogbo.

"Dúró dè é," ni ó wí, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ta ló ń ta pòtétò ní oṣù kẹsàn-án?"

Mylène rẹ́rìn-ín, ó sì na ọwọ́ láti pa kọ̀ǹpútà dé. Renelle gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀.

"Fi ránṣẹ́ báyìí."

"Renelle, fi ọmọ sílẹ̀," ni Normand wí. "Ìwọ náà dúró."

"Mo dúró, Pápà."

"D yẹn ló bà á jẹ́ fún ọ, kì í ṣe pé o dúró."

"Kì í ṣe D," ni Renelle wí. "Mo bi wọ́n. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó wò ó. Wọ́n ní ká ní mo fi ránṣẹ́ ní oṣù kẹfà ni, àwọn ì bá ti mú mi."

Ploye tó wà lórí àdògán bẹ̀rẹ̀ sí í jó, kò sẹ́ni tó yí i. Normand yíjú padà, ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Oṣù kẹta."

"Oṣù kẹta. Mo sì ń lọ sílé epo lójoojúmọ́ tí mò ń..." Kò parí rẹ̀. Ó pa iná àdògán, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó wá sí ẹ̀yìn àga Mylène. "Ibo lèèyàn ti ń tẹ̀ ẹ́?"

Mylène fi ibẹ̀ hàn án. Normand na ìka rẹ̀ tó nípọn tí iyẹ̀pẹ̀ ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀, ó rọra tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé nǹkan máa fọ́. Ìwé kékeré kan yọ lójú kọ̀ǹpútà pé wọ́n ti rí i gbà.

"Ó ti tán?"

"Ó ti tán, Pápà," ni Mylène dáhùn.

"Òun nìyẹn? Kò tiẹ̀ tó ìṣẹ́jú kan."

Ó fa àga kan, ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó ń sunkún. Renelle ò tíì rí i kó sunkún rí, kódà lọ́jọ́ tí ìyá wọn kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ó fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ á wá béèrè pé ẹ̀bi ta wá ni. Ó dìde, ó lọ ṣí fèrèsé kí èéfín lè jáde.